Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa kẹ̀kẹ́ ọmọ ní London

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Peckham, Woolwich, Thamesmead àti agbègbè wọn, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Ọkùnrin kan wà tó ń ta àlòkù ọ̀pá irin tí a fi ń so kẹ̀kẹ́ ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àgbà. Ó ti wọ inú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp àwa Yorùbá báyìí. Orúkọ tó ń lò máa ń yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í yí: ọmọ òun ti dàgbà, kò lò ó mọ́, Trail-Gator gidi ni (orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú ọ̀pá yìí), £35 péré. Yóò kí yín dáadáa, mọ́mì níhìn-ín, ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún. Lọ́sẹ̀ kan náà ló ń polówó mẹ́ta, mẹ́rin. Ọmọ mélòó ló dàgbà pọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo?

Arábìnrin kan ní ìjọ wa ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e wá kí n bá òun so ó. Ohun tó rí nínú àwòrán kọ́ ló gbà. Ìdè méjì ló yẹ kó wà: ọ̀kan ń di ọ̀pá àga kẹ̀kẹ́ àgbà mú, èkejì ń wà lára kẹ̀kẹ́ ọmọ, lápá iwájú lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ọ̀pá lè gbé táyà iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìdè kejì kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tó pe ọkùnrin náà, ó ní kó lọ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí àlàfo láàárín ìdè àti ọ̀pá àga kò sí pẹ̀lú. Rọ́bà tó gé lára túùbù táyà ló kì bọ̀ ọ́. Ọ̀pá àga kì í ṣe ìwọ̀n kan náà, ẹ̀yin ará: 27.2 mm wà, 30.9 wà, 31.6 wà, wọ́n sábà máa ń tẹ iye rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà. Rọ́bà túùbù máa ń yọ̀. Tí ọmọ bá fara tì sí apá kan, ìdè á yí lórí ọ̀pá, kẹ̀kẹ́ ọmọ á sì dà sí ojú ọ̀nà mọ́tò.

Yóò sọ fún yín pé gbogbo irú rẹ̀ ló ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ojúlówó pàápàá máa ń tẹ̀ díẹ̀. Èyí ń yí ni.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Gbogbo ara ọ̀pá ti ha, àfi ibẹ̀ nìkan tó ní ọ̀dà dúdú tuntun. Mo fi ọ̀bẹ ha á. Irin ti sán lábẹ́ rẹ̀, bọ́dì fílà táwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe máa ń lò ni wọ́n fi dí i. Ọmọ ọdún 5 ni wọ́n fẹ́ so mọ́ nǹkan yìí o!

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kẹ̀kẹ́ méjèèjì ni kó gbé lọ, kó so ó lójú ẹni tó ń tà á, kó sì mì ín dáadáa. Ọkùnrin yìí kì í gbà bẹ́ẹ̀; ibi ìgbọ́kọ̀sí ló ń ní kí ẹ ti pàdé òun, lálẹ́. Ọ̀pá àga tí wọ́n fi carbon ṣe kò gba irú ìdè yìí, ìbáà jẹ́ ojúlówó. FollowMe, irú ohun èlò mìíràn tí wọ́n fi ń fa kẹ̀kẹ́ ọmọ, kì í fọwọ́ kan ọ̀pá àga, irin àárín táyà ẹ̀yìn ló ń so mọ́, ó sì wọ́n ju Trail-Gator lọ dáadáa. Ẹni tó bá ní òun ń ta FollowMe tuntun ní £40, ẹ sá fún un.

Ní ti owó, ó máa ń ní kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ṣáájú. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò rí òun, wọn ò rí ọjà. Láti 7 October 2024 ni òfin ti ní kí báńkì máa dá owó transfer tí wọ́n fi jìbìtì gbà padà, ṣùgbọ́n báńkì láṣẹ láti yọ tó £100 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ṣírò £35 wò: báńkì lè yọ gbogbo rẹ̀. Section 75 náà, òfin tó ń jẹ́ kí ẹni tó fi káàdì kírẹ́díìtì rajà lè gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ báńkì, ọjà tó bá ju £100 lọ ló wà fún. Lójú tèmi, ọkùnrin náà mọ ìṣirò yìí dáadáa.

Tó bá ní àlòkù ni, òun kì í gbà á padà, ẹ má gbọ́. Ẹni tó ń ta ọjà kan náà léraléra fún èrè, oníṣòwò ni lójú òfin, Consumer Rights Act ti 2015 sì fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà kí ẹ gba gbogbo owó yín. Ẹ ya àwòrán ìpolówó rẹ̀ pamọ́, nítorí bó bá ti tà á tán ló ń pa á rẹ́. Ẹ pe Citizens Advice, 0808 223 1133. Àwọn ló ń fi ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tó Trading Standards létí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń mójú tó àwọn oníṣòwò. Ẹni tó sanwó tí kò rí ọjà, 159 ni kó pè, yóò so ó pọ̀ mọ́ báńkì rẹ̀.

Bí ọ̀pá rẹ̀ bá wà nílé yín báyìí, ẹ tú u kúrò lára kẹ̀kẹ́ lónìí, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn.