College Scorecard: ohun tí mo rí nígbà tí mo fi yunifásítì ìjọba méjì wé ara wọn

Ọmọ mi obìnrin rí àyè sí yunifásítì ìjọba méjì: ọ̀kan ní Georgia níbí tí à ń gbé, èkejì ní ìpínlẹ̀ tó múlé tì wá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Orúkọ ilé ìwé ni bàbá rẹ̀ ń wò, èmi ń wo owó àti ohun tó máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. College Scorecard, ìkànnì iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ilé ìwé tó ń sanwó kí wọ́n lè gbé e síwájú. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ ka iye owó ọdọọdún tó wà níbẹ̀. Fún yunifásítì ìjọba, owó tí àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà ń san ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Lójú ìkànnì, ilé ìwé ìpínlẹ̀ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín owó ju tiwa lọ. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa. Àlejò ni ọmọ mi níbẹ̀, owó out-of-state ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wa, gọbọi owó sì ni. Òfin ti mú un ní dandan láti ọdún 2011 pé kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ ìṣirò owó sórí ìkànnì tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí iye tó kàn wá gan-an.

Wọ́n sì ti yọ owó ẹ̀bùn ìjọba kúrò nínú iye Scorecard. HOPE, ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ tí Georgia ti ń fi owó lọ́tìrì san láti 1993, wà nínú ohun tí wọ́n yọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tún un yọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ń yọ̀ pé ilé ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́! Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti pín in sí ìsọ̀rí owó tó ń wọlé fún ìdílé, ìyẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Ní ti owó iṣẹ́, èyí tó hàn lókè jẹ́ ti àwọn tó wọ ilé ìwé náà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó sì gba ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀, títí kan àwọn tí kò parí. Ilé ìwé kejì ju tiwa lọ níbẹ̀, torí àwọn ẹnjiníà kún inú rẹ̀. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ wo ti nọ́ọ̀sì nìkan, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan mọ́. Ìlú tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ iye tó máa gbà ju orúkọ ilé ìwé lọ.

Scorecard kò sọ bóyá ọmọ máa wọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tààrà. Mo pe àwọn ilé ìwé náà: ní ilé ìwé kejì, ọmọ máa tún tọrọ àyè lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n sì lè má mú un. Iye àwọn tó ń yege NCLEX, ìdánwò tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege kó tó gba ìwé àṣẹ, kò sí níbẹ̀ náà. Ẹ wá a lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ náà, kí ẹ sì wo ti ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, torí ọdún kan lè jẹ́ oríire.