Fuel cell 100 wáàtì ní Ògbómọ̀ṣọ́: mo lò ó nígbà òjò, mo lò ó nígbà ọyẹ́, ohun tí mo rí rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè nípa fuel cell, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì háídírójìn mú iná wá, tó wà lórí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ báyìí torí mo ti lò ó láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ ínfátà àti sólà ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kò jìnnà sí Tákíé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé bátìrì tó ti kú wá bá mi, torí ẹ̀ tí nǹkan tó ń mú iná wá bá ti dé ọwọ́ mi, mo kọ́kọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ bó ṣe máa pẹ́ tó àti ohun tó máa pa á, ọ̀rọ̀ wáàtì ṣì lè dúró ná. Bí mo ṣe wo eléyìí náà nìyẹn.

Ẹni tí ò bá rí i rí, báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Háídírójìn ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, afẹ́fẹ́ tá a jọ ń mí ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì, membrane, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ kan, ló wà láàárín wọn. Platinum, irin olówó ńlá kan, tí wọ́n kùn sí ojú membrane yẹn ló ń ya háídírójìn sí méjì, proton á gba inú membrane kọjá, electron ò ráyè gbabẹ̀, àfi kó gba inú wáyà yí po, ìrìn tó ń rìn nínú wáyà yẹn ni iná tá à ń lò, tí wọ́n bá wá pàdé ọ́síjìn lódì kejì wọ́n á di omi. Ó parí. Kò sí ariwo, kò sí èéfín, kò sí ọ́ìlì tẹ́ ẹ máa pààrọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, 1.23 fóòtì ni wọ́n ṣírò fún un, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára nǹkan bíi 0.7 ló máa ń gbé, ìdí tí wọ́n fi to 20 jọ nínú tèmi nìyẹn kó lè fún wa ní 12 sókè. Nǹkan náà ti pẹ́ láyé o, 1839 ni William Grove ọmọ Wales ti ń ṣe irú ẹ̀, nígbà tó sì di 1965 àwọn ará Amẹ́ríkà gbé oní-membrane lọ sójú òfuurufú nínú ọkọ̀ Gemini 5. Membrane ayé ìgbà yẹn ò lálòpẹ́ rárá, ara ẹ̀ ló máa ń já díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí Walther Grot ní ilé iṣẹ́ DuPont ṣe membrane tí wọ́n ń pè ní Nafion jáde láàárín 1960 sí 1969 yẹn ni nǹkan tó yí padà, irú ọmọ ìyá Nafion yẹn ló ṣì wà nínú èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n ń tà lónìí.

Ohun tó bá páálí dé: stack fúnra ẹ̀ (ìyẹn sẹ́ẹ̀lì 20 tí wọ́n tò jọ yẹn), dúdú, ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, fáànù lẹ́yìn ẹ̀, kọntírólà, fáàfù méjì àti rọ́bà tín-ínrín tí háídírójìn máa gbà. Ìwé tó wà nínú ẹ̀ ò ju ojú ewé díẹ̀ lọ, mo sì rí ibi tí wọ́n kọ wáàtì sí, mo rí ibi tí wọ́n kọ fóòtì sí, mi ò rí ibi tí wọ́n kọ wákàtí tó máa lò láyé sí. Mo kọ̀wé sẹ́ni tó tà á fún mi (mi ò ní dárúkọ wọn), èsì tó padà wá ni "long life". Ìyẹn ò tó mi rárá, owó ńlá lèèyàn san.

Ká sọ òótọ́, ó ṣiṣẹ́. Gílóòbù LED inú ṣọ́ọ̀bù, router, láptọ́ọ̀pù kan, gbogbo ẹ̀ gbé e, iná ẹ̀ dúró ṣinṣin, kì í ṣẹ́jú. Fáàfù tó wà lẹ́yìn á dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á tu omi àti gáàsì tó ti há síta, tẹ́ ẹ bá gbé gíláàsì síwájú ẹnu ẹ̀ ẹ máa rí omi wínníwínní tó máa bò ó, omi tó mọ́ lóló ni, inú iná ló ti jáde. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ò fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, inú tèmi náà dùn gan-an.

Háídírójìn wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tá a bá lo stack yìí dé 100 wáàtì, 1.3 lítà ló ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ tí mo fi ń yọ háídírójìn látinú omi sì rèé, 300 mílílítà péré ló ń mú wá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò ẹ̀, nǹkan bíi 23 wáàtì nìyẹn tí mo bá fẹ́ kó máa lọ láìdúró. Ẹ̀rọ ọ̀hún sì ń jẹ ju 150 wáàtì lọ lórí páńẹ́lì mi. Tí mo bá kó 150 yẹn sínú bátìrì lithium, bíi 90 nínú 100 ló máa padà sọ́wọ́ mi, fuel cell yìí ò dá ju bíi 15 padà. Alhaji kan tó jẹ́ kọ́sítọ́mà mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mi ò ní ta jẹ́n mi báyìí kí n wá ra eléyìí?" Mo ní, "Rárá o, Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tà á. Bátìrì lẹ jẹ́ ká fi kún ti ilé yín." Ohun tí mo sọ fún wọn náà ni mò ń sọ fún gbogbo yín.

Ọ̀rọ̀ omi náà rèé: omi bátìrì tó mọ́ dáadáa nìkan ni kẹ́ ẹ máa bù sínú ẹ̀rọ tó ń yọ háídírójìn. Omi borehole ní calcium àti iron nínú, wọ́n á wọnú membrane, wọ́n á gba ìjókòó proton, wọn ò sì ní dìde mọ́. Háídírójìn gan-an, kó mọ́ tó 99.995 nínú 100 ni ìwé ẹ̀ ń bèèrè. Carbon monoxide ló burú jù nínú ìdọ̀tí tó lè bá a wọlé, òfin àgbáyé fún háídírójìn ọkọ̀, ISO 14687, ò gbà kó ju 0.2 lọ nínú mílíọ̀nù kan, torí ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ platinum tí háídírójìn ò ní ráyè jókòó mọ́. Ẹ sì fi ìfófò ọṣẹ yẹ gbogbo oríkèé rọ́bà wò bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe fún gáàsì ìdáná, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, torí háídírójìn ò ní òórùn, tó bá sì gbiná lọ́sàn-án ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí iná ẹ̀.

Ọyẹ́ ló wá fi ohun tó wà nínú ẹ̀ hàn mí. Ìgbà òjò, kò sí ẹ̀sùn. Ìgbà tí eruku bẹ̀rẹ̀ sí í bo òrùlé, tí ètè gbogbo wa ń bẹ́, bí mo bá gbé iṣẹ́ kan náà lé e lórí fóòtì ẹ̀ á wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mú mítà, mo tẹ̀ ẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn wà ní 0.66, 0.67, èyí tó wà létí fáànù ti já sí 0.51. Membrane yìí, tí ò bá lómi lára kò lè gbé proton, afẹ́fẹ́ tó gbẹ tí fáànù ń fẹ́ sí i yẹn sì ń gba omi tó ń ṣe fúnra ẹ̀ lọ kó tó rí i mu, bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀wù máa ń gbẹ lórí okùn lásìkò ọyẹ́ kẹ́ ẹ tó yíjú. Mo dín iṣẹ́ kù lórí ẹ̀, mo fi fóòmù tín-ínrín bo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nítorí eruku, mo wá na aṣọ tútù síwájú ẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án. Kọntírólà ẹ̀ náà ń ṣe ohun kan tó wù mí, ó máa ń pa wáyà méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bíńtín, iná á fò sókè, omi á jáde, ojú platinum á sì mọ́. Àwọn yòókù padà bọ̀ sípò. Ti etí fáànù yẹn gòkè díẹ̀, kò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Jẹ́n tún ni ìkejì. Àwọn tó múlé tì wá máa ń tan tiwọn sábẹ́ fèrèsé wa nígbà tí ìjọba bá mú iná lọ, èéfín ẹ̀ ní sulphur dioxide àti nitrogen oxide, àwọn náà ń lẹ̀ mọ́ platinum tó wà lódì afẹ́fẹ́. Mo gbé stack lọ sódì kejì ṣọ́ọ̀bù, fóòtì ẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó láàárín ọjà ní Sábó tàbí ní Under G níbi tí jẹ́n pọ̀ sí, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe sí i lókè òkun? Ohun tó ń pa platinum ni pé hóró ẹ̀ kéré jọjọ, kò ju nanomita díẹ̀ lọ (ẹ pín mílímítà kan sí mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan ni nanomita), tí fóòtì bá ń lọ sókè sódò ó máa ń yọ́, èyí tó kéré á lọ lẹ̀ mọ́ èyí tó tóbi, ojú tó ń ṣiṣẹ́ á wá dín kù. Èédú tó gbé e dúró náà máa ń jẹrà, pàápàá nígbà títàn àti pípa àti nígbà tí háídírójìn ò bá tó, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má máa tàn án kẹ́ ẹ máa pa á bíi gílóòbù. Àtúnṣe tí wọ́n ti ń ṣe ni pé wọ́n po platinum mọ́ cobalt, Toyota ti lo irú ẹ̀ nínú ọkọ̀ Mirai láti 2014, wọ́n ń lo èédú tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń fi iridium díẹ̀ sódì háídírójìn kí omi lè máa fara gbá ìyà dípò èédú, wọ́n ń fi cerium sínú membrane kó máa pa àwọn radical, ìyẹn àwọn èròjà tó ń jẹ ẹ́. Ní February 2025 Toyota ní stack ẹlẹ́ẹ̀kẹta àwọn máa lò ní ìlọ́po méjì èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn, bíi ilé ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà, ń wá bí wọ́n ṣe máa fi iron, nitrogen àti èédú rọ́pò platinum pátápátá, torí South Africa nìkan ni èyí tó pọ̀ jù nínú platinum ayé ti ń jáde, owó ẹ̀ ò sì ṣeé fọwọ́ kàn. Iron yẹn ń ṣe dáadáa níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́, inú acid ni wọ́n fi í sí, ó ń yọ́ jáde. Èmi ò ní fowó mi ra oní-iron báyìí tẹ́nikẹ́ni bá gbé e wá.

Ẹ wo ìdí tí wákàtí fi ká mi lára. Ìjọba Amẹ́ríkà ń lé 8,000 wákàtí fún ọkọ̀ kéékèèké, 25,000 fún àwọn tírélà. Odindi ọdún kan, 8,760 wákàtí ni. Tẹ́ ẹ bá ń tàn án ní wákàtí márùn-ún lálaalẹ́, 8,000 máa gbé yín ju ọdún mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kó gbé fíríìjì tọ̀sán-tòru, ọdún kan ò ní pé. Ẹni tó tà á fún mi ò sì sọ bóyá tèmi dé 1,000 pàápàá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bèèrè wákàtí lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sọ iye fóòtì tó máa já kí wọ́n tó kà á sí òkú, ẹ bèèrè bóyá membrane ẹ̀ ní fọ́nrán tó dì í mú nínú, ẹ bèèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe lè gbẹ tó kó tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ń ta sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, torí èyí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ní àwọn kì í tà á, odindi stack ni kí n rà. Sẹ́ẹ̀lì 20 tó so kọ́ra wọn nìyí o, ọ̀nà kan náà ni iná ń gbà nínú gbogbo wọn, ẹyọ kan tó bá rẹ̀ á máa fa àwọn mọ́kàndínlógún yòókù sẹ́yìn.

Fún ilé ìwé, fún àwọn ọmọ tó ń ṣe project, mo fún un ní 4 nínú 5, kò sí ohun mìíràn tó máa jẹ́ kí wọ́n fojú rí omi tó ń jáde látinú iná. Fún iná ilé, 2. Tèmi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, router nìkan ni mo fi sílẹ̀ lórí ẹ̀, mo sì ń kọ fóòtì sẹ́ẹ̀lì tó wà létí fáànù yẹn sílẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, 0.58 ló wà báyìí tí òjò ti padà bẹ̀rẹ̀.