Àyẹ̀wò SciLifeLab ní Swídìn: ilẹ̀kùn ṣí fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, ìwé àdéhùn ló kù

Ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń wá oògùn tuntun kì í sábà lágbára láti ra awò tó ń fi ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù wo purotéènì tí a ti mú dì. Ẹyọ kan nínú irú awò bẹ́ẹ̀ ń gba mílíọ̀nù dọ́là mélòó kan, yàrá tí kò gbọdọ̀ mì ni wọ́n sì ń kọ́ fún un, kí a tó wá sọ ti àwọn amọṣẹ́dunjú tó mọ̀ ọ́n lò. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nípa SciLifeLab, ibùdó ìwádìí ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní Swídìn, kò ju èyí lọ: bí ilé-iṣẹ́ aládàáni bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ṣé wọn yóò bá a ṣe é láìtú àṣírí rẹ̀, láìsì fi àkókò rẹ̀ ṣòfò?

Yunifásítì mẹ́rin ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀ ní ọdún 2010: KTH (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ), Karolinska Institutet (yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn), Yunifásítì Stockholm àti Yunifásítì Uppsala. Ní ọdún 2013 ó di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní Solna, lẹ́bàá Stockholm, àti ní Uppsala, wọ́n ń ka DNA (ohun tó gbé àbùdá ẹ̀dá), wọ́n ń ṣàyẹ̀wò purotéènì, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà tú ohun tí ẹ̀rọ bá kó jọ palẹ̀. Awò tí mo mẹ́nu bà yẹn wà ní Stockholm, ó sì tún wà ní Umeå lápá àríwá. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ènìyàn ń bá pàdé. Àwọn onímọ̀ tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ni yóò kọ́kọ́ jókòó tì ọ́, tí wọn yóò gbọ́ ìbéèrè rẹ, tí wọn yóò sì sọ ọ̀nà tó bá a mu. Ìmọ̀ràn yìí níye lórí ju ẹ̀rọ lọ fún ilé-iṣẹ́ tí kò ní ju òṣìṣẹ́ márùn-ún lọ.

Ní ti owó, olùwádìí yunifásítì ń san owó tí ìjọba ti bù kù, ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ń san iye tí iṣẹ́ náà ná wọn gan-an. Àwọn kan á ní wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ, ṣùgbọ́n èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò fẹ́ kí a fi ohun tí a fi owó ìlú rà ṣe ẹ̀dínwó fún oníṣòwò kan kí ó lè borí èkejì rẹ̀. Òfin kan náà sọ pé bí ilé ìwádìí kò bá fẹ́ kí wọ́n ka owó ìjọba tó ń gbà sí ìrànlọ́wọ́ fún òwò, iṣẹ́ òwò kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ́dún. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 50, ọ̀sẹ̀ 10 péré ló lè yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ibi tí ìdúródè ti ń wá nìyí, kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ya ọ̀lẹ.

Àléébù tí mo rí wà nínú ètò rẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ yunifásítì tó gbà á lálejò, nítorí náà iṣẹ́ tó bá gba ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta kọjá lè gba ju ìwé àdéhùn kan lọ. Mo mọ ohun tí èyí lè dà. Nígbà kan, ní orílẹ̀-èdè mìíràn, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbé purotéènì wa lọ sí yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ: ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, oṣù márùn-ún ni ìwé àdéhùn fi wà lórí tábìlì àwọn agbẹjọ́rò. Owó tí a fi ń san owó oṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí èsì tó dé. Ìwé àdéhùn kan ṣoṣo tí gbogbo yunifásítì tọ́rọ̀ kàn fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú iye owó tí a kọ síta gbangba, yóò ran ilé-iṣẹ́ kékeré lọ́wọ́ ju ẹ̀rọ tuntun mẹ́wàá lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀. Láti ìgbà òfin ọdún 1949 ni olùkọ́ yunifásítì ní Swídìn ti ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó bá fúnra rẹ̀ hùmọ̀. Kì í ṣe ti yunifásítì. Bí o bá fẹ́ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣe ìwádìí pọ̀, òun gan-an ni kí o bá tọwọ́ bọ̀wé. Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ tí o sanwó rẹ̀ pátápátá, rí i pé ìwé sọ ọ́ kedere pé tìrẹ ni èsì náà.

Fún wíwo purotéènì àti fún iṣẹ́ tó gba ìrònú, n óò gbé iṣẹ́ mi lọ síbẹ̀ láìṣiyèméjì. Fún kíka DNA lásán, tí kò lọ́jú pọ̀, ilé-iṣẹ́ olówò yóò yá jù. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí Solna, kí ó kọ́kọ́ gba iye owó àti ọjọ́ tí èsì yóò jáde nínú ìwé kan náà.