O*NET Interest Profiler: iṣẹ́ ló ń wò, kì í wo kọ́ọ̀sì

Ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì tí kò tíì mọ kọ́ọ̀sì tó máa kà lè bẹ̀rẹ̀ níbi O*NET Interest Profiler, ìdánwò tó ń wo irú iṣẹ́ tí èèyàn fẹ́ràn. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ló ni ín. Ọ̀fẹ́ ni, orí ìkànnì My Next Move ló sì wà.

Ìbéèrè 60 ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dárúkọ iṣẹ́ kan, bíi títo bíríkì tàbí ṣíṣe oògùn tuntun, ẹ ó sì mú ọ̀kan nínú ìdáhùn 5, láti orí "mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá" títí dé "mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an". Máàkì á jáde ní ìsọ̀rí 6: iṣẹ́ ọwọ́, ìwádìí, iṣẹ́ ọnà, ríran èèyàn lọ́wọ́, òwò àti ìdarí, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ní ìlànà bí àkọsílẹ̀ owó. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kì í kọjá 40.

Owó oṣù lè ba èsì àwọn kan jẹ́. Wọ́n á máa ro iye tí iṣẹ́ náà ń mú wọlé, tàbí bóyá àwọn ti kàwé tó láti ṣe é, bẹ́ẹ̀ ìlànà ìdánwò náà ní kí a gbé méjèèjì tì. Àwọn mìíràn á kàn máa tẹ "kò dá mi lójú" ṣáá. Ìsọ̀rí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á wá dọ́gba, èsì ò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn bó bá rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn máàkì, ó máa bi yín nípa ìpele ìmúrasílẹ̀, ìyẹn bí ẹ̀kọ́ àti ìrírí tí iṣẹ́ ń béèrè ṣe pọ̀ tó, láti 1 tó kéré jù dé 5. Ẹ mú 4, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń béèrè dìgírì àkọ́kọ́ wà.

Títí débí, ó dára gan-an. Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé orúkọ iṣẹ́ ló ń kó síwájú yín, kò sọ ohun tí ẹ ó jókòó kà fún ọdún 3 tàbí 4. Ẹni tó fẹ́ràn àtimáa gba èèyàn nímọ̀ràn lè torí rẹ̀ wọ sáíkọ́lọ́jì, kó tó mọ̀ pé statistics, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń yẹ èsì ìwádìí wò, pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà náà á bá ìṣirò pàdé láti ọdún kìíní.

Nítorí náà, ẹ mú iṣẹ́ 3 péré nínú èsì náà. Ẹ wá kọ́ọ̀sì tó lọ síbẹ̀, kí ẹ sì ṣí àkójọ ẹ̀kọ́ tí yunifásítì gbé jáde fún un. Èyí tó jẹ́ dandan ní ọdún 2 àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà dáadáa, kì í ṣe àwọn tí a lè yàn fúnra ẹni ní ìparí. Ẹ mú èyí tó le jù níbẹ̀, kí ẹ ka orí kan nínú ìwé rẹ̀. Fún òfin, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà, ẹ tún bi àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ iṣẹ́ bóyá wọ́n fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà ní yunifásítì yẹn gan-an, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan.