Nọ́ọ̀sì tó ń wá bá aboyún nílé ní Amẹ́ríkà: mo lò ó, èrò mi rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóyún àkọ́kọ́ ní New York, tówó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́, ẹ lè ti gbọ́ orúkọ Nurse-Family Partnership. Nọ́ọ̀sì tó gbàwé-ẹ̀rí ló ń wá bá yín nílé látinú oyún títí ọmọ á fi pé ọdún méjì. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì fipá múni. Lóṣù àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá, lẹ́yìn náà ó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Tẹ́ ẹ bá bímọ, wọ́n á tún padà sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tọ́kọ mi kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé kì í ṣe àwọn tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí lo fẹ́ mú wọlé yìí?" Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbí tí kò mọ ìbẹ̀rù yẹn. Iṣẹ́ gbígba ọmọ kọ́ ni nọ́ọ̀sì yìí ń ṣe, àmọ́ tó bá rí i pé wọ́n ń ṣe ọmọ níkà, òfin ní kó fẹjọ́ sùn, bó ṣe kan dókítà àti tíṣà náà nìyẹn. Mo bi í léèrè lójúkojú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kò sì fi bò. Ọkàn ọkọ mi wá balẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo pè é o, torí ó ṣì máa ń palẹ̀ pálọ̀ mọ́ bí ẹni pé gómìnà ló ń bọ̀.

Ìgbà tí màmá mi dé láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ ni mo tó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì yìí mọṣẹ́. Màmá ní dandan ni kí ọmọ mu omi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Èmi ti ń mí gúlegúle. Nọ́ọ̀sì ò jà rárá. Ó ní kí Màmá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tí wọ́n ń tọ́ tiwọn, ó fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀, èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú páńpáàsì tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ sí, ó gbé e lé Màmá lọ́wọ́ kí wọ́n wo bó ṣe wúwo, ó ní tí irú ẹ̀ bá tó mẹ́fà lójúmọ́, a jẹ́ pé omi inú ọmú tó o. Màmá gbé e wò, wọ́n ní, "Ó dáa, a ó máa kà á." Ti pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn sùn, wọn ò gbà títí wọ́n fi padà sílé, wọ́n ní orí ọmọ á pẹlẹbẹ. Ẹ̀yìn náà ló ṣì fi ń sùn.

Nígbà tí Màmá ń ki ọmọ lóríkì, "Àjàní ọkọ mi", tójú ọmọ ò sì kúrò lára wọn, nọ́ọ̀sì pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní ohun tóun fẹ́ wá kọ́ mi lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyẹn, pé ká má dá a dúró.

Ṣé ó wá ń ṣiṣẹ́? Olùwádìí kan tó ń jẹ́ David Olds ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Elmira, ní ìpínlẹ̀ New York yìí náà, ní nǹkan bí ọdún 1977. Aboyún 400 ni wọ́n pín bí ẹni ń ṣẹ́ gègé: nọ́ọ̀sì ń bẹ àwọn kan wò nílé, kò bẹ àwọn yòókù wò. Lọ́dún 15 lẹ́yìn ìbí, àkọsílẹ̀ ìwà ìkà sọ́mọ àti pípa ọmọ tì láàárín àwọn tí nọ́ọ̀sì bẹ̀ wò kò ju bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n tún un ṣe ní Memphis, níbi tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, àti ní Denver, níbi tí wọ́n ti rí i pé táwọn tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì bá ń ṣiṣẹ́ yìí, àǹfààní ẹ̀ ń dín kù gan-an.

Àmọ́ ti England ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2016 lórí àwọn ìyá 1,645 tí wọn ò ju ọmọ ọdún 19 lọ kò rí ìyàtọ̀ kankan nínú sìgá mímu, ìwọ̀n ọmọ tuntun, oyún kejì tó tètè dé, tàbí gbígbé ọmọ sáré lọ sílé ìwòsàn. Ìgbà táwọn ọmọ wọ iléèwé ni wọ́n tó rí i pé àwọn tí nọ́ọ̀sì bẹ̀ wò fi díẹ̀ dáa nínú ẹ̀kọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ní South Carolina, wọ́n fi aboyún tó lé ní 5,000 dán an wò. Èsì tó jáde ní 2022 ni pé ìbímọ àwọn tí nọ́ọ̀sì bẹ̀ wò kò dáa ju ti àwọn yòókù lọ.

Lójú tèmi, ibi tí kò ti sí ẹnì kankan ni nọ́ọ̀sì yìí ti ń wúlò jù. Ní England, agbẹ̀bí ìjọba àti nọ́ọ̀sì ọmọdé ti ń wá sílé tẹ́lẹ̀. Kí ni tuntun fẹ́ fi kún un? Èmi náà rí i: kí Màmá tó dé, mi ò ní ẹlòmíì tí mo lè bi léèrè, nọ́ọ̀sì ni mò ń retí. Nígbà tí Màmá dé, àbẹ̀wò ọ̀hún di ohun tó dáa, kì í ṣe ohun tí mi ò lè ṣe láìní. Nítorí náà, ẹni tí ìyá tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ wà nítòsí lè má rí i bí mo ṣe rí i. Ẹni tó dá wà, tí ọkọ ń lọ iṣẹ́ òru, kó má jẹ́ kó fo òun.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí yín tàbí ní ọ́fíìsì WIC, ìyẹn ètò ìjọba tó ń fi oúnjẹ ran aboyún àtàwọn ọmọdé lọ́wọ́, ẹ sì tètè béèrè, torí kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 28 ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ rí, ẹ bi wọ́n bóyá àdúgbò yín ń gba oyún kejì.