Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ra Aṣọ Kalamkari

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò kan tí ń polówó kalamkari, aṣọ aláwòrán ilẹ̀ Íńdíà, lórí WhatsApp, tí ó ń sọ pé inú tẹ́ńpìlì kan ní Srikalahasti, ní gúúsù Íńdíà, ni aṣọ náà ti wá, àti pé ó ti lé ní 200 ọdún. Mo san 40,000 rúpì fún un nígbà tí mo mú màmá mi lọ gba ìtọ́jú ní ìlú Chennai, ní Íńdíà. Ayédèrú ni.

Iṣẹ́ kálàmù ni kalamkari túmọ̀ sí. Kálàmù yìí kan náà ni àwọn ọmọ ilé kéú mọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn asọ̀tàn a máa gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ láti abúlé dé abúlé, wọn a fi kọ́, wọn a sì máa nàka sí àwòrán kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń fi orin sọ ìtàn Rama, akọni inú ìtàn àtijọ́ Íńdíà. Ní Srikalahasti, wọ́n tún máa ń fi èdè Telugu kọ ibi tí ìtàn dé sí etí àwòrán. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú màmá mi, tí ó gbọ́ Telugu, ka ohun tó wà lára aṣọ mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín: gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ìgbéyàwó Sita, ìyàwó Rama, lábẹ́ ogun tí wọ́n jà ní erékùṣù Lanka, àti lábẹ́ Hanuman, akọni ọ̀bọ, tí ń fò kọjá òkun.

Aṣọ gidi kì í ṣe iṣẹ́ kíákíá. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú wàrà ẹfọ̀n àti omi èso igi kan tó korò, kí aró má baà ràn kọjá ibi tí wọ́n bá yà. Irin dídípẹtà tí wọ́n rẹ mọ́ ṣúgà ìrèké fún ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi ń ya ìlà dúdú, pẹ̀lú ọ̀pá oparun ṣóńṣó tí wọ́n wé irun mọ́ lára. Ẹni tó bá ti rí ìyá aládìrẹ tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ọwọ́ kì í ya ẹṣin méjì kó má yàtọ̀ rárá. Gbogbo ẹṣin ara aṣọ mi bára mu délẹ̀délẹ̀. Aró afọwọ́yà gidi a máa wọ aṣọ dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí tèmi padà, kò sí àwòrán kankan lẹ́yìn, àwọ̀ bíi ti tíì lásán ni; mo wọ́n omi sí igun rẹ̀, òórùn tíì ló gba yàrá: tíì ni wọ́n fi pa á láró kó lè dà bí aṣọ àtijọ́.

Mi ò bá àwọn ará Machilipatnam, ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe kalamkari, wí o: òǹtẹ̀ igi ni wọ́n fi ń tẹ kalamkari tiwọn, ojúlówó sì ni. Ẹ má ṣáà san owó afọwọ́yà fún un.

Kí n tó sanwó, mo ní kí oníṣòwò náà ya fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ fún mi, ó ní iná kámẹ́rà yóò bà á jẹ́. Bí aṣọ náà bá sì ti pé 200 ọdún ní tòótọ́, òfin Íńdíà ti ọdún 1972 kò gbà kí ẹnikẹ́ni nínú wa gbé e jáde kúrò nílùú wọn. Ó ti dí nọ́ńbà mi báyìí, ó sì ti ń fi orúkọ mìíràn polówó, ṣùgbọ́n fọ́tò àtijọ́ ló ṣì ń lò: ẹ wo abẹ́ Hanuman, kí ẹ sì fi ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ wé ti abẹ́ Sita.