Àpótí irinṣẹ́ tó ń jókòó lórí ara wọn: ẹ wo ìkọ́ kí ẹ tó wo àwọ̀

Kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìnì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Dírílì méjì, jigsaw, grinder, ṣájà, bíìtì, síkúrúù oríṣiríṣi: ẹrù gidi ni. Inú àpò Ghana-Must-Go ni mò ń kó wọn sí tẹ́lẹ̀, títí ó fi sú mi. Láti ìgbà náà mo ti lo oríṣi àpótí mẹ́ta, ìkẹrin sì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

Àpótí tó bá dírílì wá: ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ náà sì ni oore rẹ̀ parí sí. Dírílì yẹn nìkan ni wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fún. Ẹ ra bátìrì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọrí ò ní pa dé mọ́. Ẹ gbàgbé bíìtì sẹ́nu dírílì, kò ní pa dé. Ọjọ́ tí dírílì bá kú, àpótí bá a kú nìyẹn.

Aláfarawé, ìyẹn àwọn àpótí tí ìkọ́ ń so mọ́ra wọn, tí wọ́n ṣe kó jọ Systainer ti Jámánì: mi ò ní dárúkọ èyí tí mo rà. Ó dán, ó fúyẹ́, owó ẹyọ Systainer tòkunbọ̀ kan sì ra méjì nínú rẹ̀. Mo ra mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, a ń gbé iṣẹ́ lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹnìkan ní Àkóbọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.” Ó di ọwọ́ àpótí òkè mú, méjì tó kù so rọ̀ nísàlẹ̀. A ò tíì dé àárín àtẹ̀gùn tí mo gbọ́ “pá!” Àpótí ìsàlẹ̀ já, ó ń yí gbirigbiri lọ, grinder àti jigsaw sì wà nínú rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ jigsaw wọ́; láti ọjọ́ náà kò gé pákó gún mọ́. Táìsì àtẹ̀gùn méjì fọ́. Mo san owó táìsì, mo san owó ẹni tó lẹ̀ ẹ́, ẹnu èrè iṣẹ́ ọjọ́ náà sì ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Nígbà tí mo yẹ ìkọ́ rẹ̀ wò, ibi tó ti ń ṣẹ́ po ti funfun bí ètè nínú ọyẹ́. Oòrùn ti jẹ ẹ́. Mo fi ìka tẹ àwọn yòókù, méjì tún kán. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á pé kó ta ìkọ́ nìkan fún mi. Ó ní àfi kí n ra odindi. Ti tuntun tó gbé jáde gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá ti àtijọ́ mu, kò jókòó lórí tèmi.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ so méjì pọ̀, ẹ gbé ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù sínú ti ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti òkè gbé e, kí ẹ mì í. Ẹni tó bá ní ẹ má dán an wò, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Systainer tòkunbọ̀ ni mò ń lò báyìí. Iléeṣẹ́ Tanos ní Jámánì ló ń ṣe é láti 1993. Ní 2010 wọ́n sọ ìkọ́ mẹ́rin di ẹyọ kan tí à ń yí, tí wọ́n ń pè ní T-Loc, síbẹ̀ tuntun ṣì ń so mọ́ ti àtijọ́. Ẹsẹ̀ kan náà ni Makpac, àpótí iléeṣẹ́ Makita, ní; ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi 396 × 296 mm. Méjì-méjì ni mo rà ní Òwódé Onírin: àwọ̀ wọn ò jọ, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kadà gbà wọ́n. Tapólì ni mo fi ń bò wọ́n bí òjò bá ń rọ̀.

Packout, àpótí iléeṣẹ́ Milwaukee tó jáde ní 2017, ni ọ̀rẹ́ mi ní. Ó le, rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀ tí omi ò fi wọlé, èyí tó tóbi nínú wọn ní táyà. Ẹni tó bá ní pickup, tirẹ̀ ni.

Ti ìtòjọ ò gùn: grinder nísàlẹ̀, dírílì lókè. Iwájú ni kí ẹ kọ orúkọ sí, nítorí orí àpótí kì í hàn tí wọ́n bá ti tò ó. Bátìrì ò gbọdọ̀ bá síkúrúù sùn nínú àpótí kan. Bí irin bá so ojú bátìrì méjèèjì pọ̀, iná ni.

Kálukú ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Tí ẹ kì í bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, aláfarawé á tó yín, ẹ má ṣáà gbé e. Ọ̀kan nínú tèmi ṣì wà. Òun ni ọmọ iṣẹ́ mi ń jókòó lé jẹun ọ̀sán.